Àpótí Òfìfo Mẹ́sàn-án

Mo rántí ìgbà tí mo ki pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi, tí mo gbé wọn láti Yábà lọ sí Àgùdà. Ẹ lọ bi gbogbo Sùúrùlérè wò, kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí ṣáájú mi. Nǹkan kékeré tí mi ò tíì sọ ni pé nígbà tí mo débẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ò sí nínú àpò ọ̀hún.

Mo ti fi iléèwé sílẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn tó fẹ́ràn mi máa ń sọ pé owó ni ò sí. Irọ́ ni. Orí mi ló gbóná. Mo dé SS2, mo rò pé mo ti gbọ́n ju àwọn tíṣà lọ, mo bá jáde. Mo lọ dúró sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n kan ní Yábà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n so kọ̀ǹpútà kan mọ́ wáyà tẹlifóònù, tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, mo di ọ̀gá. Ilẹ̀ ni mò ń gbá níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n tí mo bá ti délé ní Mushin, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ni mí.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà tó kọ́ wa ní fíṣíìsì wọlé wá tẹ ìbéèrè ìdánwò. Wọ́n rí mi, wọ́n dúró.

“Ìwọ rèé! Ibi tó o sá sí nìyí?”

“Kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, Mà.”

“Kọ̀ǹpútà báwo? Ìgbálẹ̀ ni mo rí lọ́wọ́ ẹ.”

Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn tó ń fi awò ńlá wo ojú ọ̀run lókè òkun ti kó àwòrán pílánẹ́ẹ̀tì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tíṣà: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, bó ṣe jìnnà sí oòrùn tó, gbogbo ẹ̀. Ní iléèwé wa ní Àgùdà, ṣáàtì kan ṣoṣo la ní lára ògiri, èkúté sì ti jẹ Júpítà tán lára ẹ̀. Àwọn òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà kan fún iléèwé ni, wọ́n máa ṣí i lójú gbogbo èèyàn ní Fúráìdè, Mà sì fẹ́ kó jẹ́ pé pílánẹ́ẹ̀tì lohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí nínú ẹ̀.

“Tó o bá gbé e wá, tó sì ṣí lójú pírínsípà,” Mà sọ fún mi, “èmi fúnra mi màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà ẹ́ padà. Ìjókòó kan ṣì kù ní SS2.”

Mo rẹ́rìn-ín bíi pé kò kàn mí. Nígbà tí mo délé, mo wá yúnífọ́ọ̀mù mi jáde, mo wọ̀ ọ́. Ṣòkòtò ti fò kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ mi pátápátá. Màmá mi, tí wọ́n ń ra ẹja ní Makoko tà, wò mí títí. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí ṣòkòtò náà kó lè gùn sí i.

Mo rí ojú ewé ọ̀hún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù. Sátọ̀n ń jáde díẹ̀díẹ̀ látòkè bíi pé ẹnì kan ń fa kọ́tìnnì sílẹ̀, òrùka ẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀ rekete. Mo fi gbogbo ojú ewé náà pamọ́ sínú dísíkì, èyí pẹlẹbẹ tó ń wọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Mo ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà kan náà, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé.

“Ṣó o fi àwọn fọ́tò yẹn pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan?” ẹ̀gbọ́n bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa.” Wọ́n padà sídìí fótókọ́pì wọn.

Ní Fúráìdè, yúnífọ́ọ̀mù ni mo wọ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: wọn ò tíì gbà mí padà, mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù. Màmá mi jókòó sáàárín àwọn òbí, wọ́n wọ ìró àti bùbá tí wọ́n máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti dísíkì bọ inú kọ̀ǹpútà, mo ń ṣe bíi dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ojú ewé náà ṣí. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí àwòrán wà, àpótí òfìfo mẹ́sàn-án ló tò sílẹ̀, àmì pupa kékeré tó dà bí ìgbà tí tíṣà bá fagi lé ìdáhùn sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Pírínsípà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tún awò ojú wọn ṣe. “Èwo ni Sátọ̀n nínú wọn?”

“Ẹ̀kẹfà ni, sà!” Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ló pariwo látẹ̀yìn. “Wọ́n ti fagi lé e, bíi ìwé ìdánwò ẹ̀ ló rí!”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Baba kan ní ọmọ jìbìtì ni mí, pé èmi ni mo jókòó ya àpótí wá láti Yábà. Mo kọjú sí Mà. “Mo rí wọn, Mà. Wọ́n wà níbẹ̀.” Mà ń wo ilẹ̀.

“Ta ló fún eléyìí ní yúnífọ́ọ̀mù iléèwé mi?” ni pírínsípà béèrè. “Bọ́ ọ.”

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Màmá mi dìde, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣẹ́ ẹ po bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀ dé Mushin. Àwọn ọmọ àdúgbò ò pè mí lórúkọ mi mọ́ látọjọ́ yẹn, “Òfìfo” ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn wá di èyí tí màmá mi fi ń nu abọ́ ẹja.

Mo ṣì wà ní Yábà. Kọ̀ǹpútà ti pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo sì ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé kí wọ́n fi fọ́tò pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa wò mí bíi wèrè. Láìpẹ́ yìí, Mà wọlé wá ka ímeèlì. Orí wọn ti funfun. Mo fún wọn ní àga tó dáa jù, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ṣàlàyé ohun tó ti wà nínú mi látọjọ́ náà: pé ọ̀rọ̀ nìkan ló wọnú dísíkì, pé àwòrán dúró sókè òkun, wáyà tẹlifóònù ló ń lọ gbé wọn wá ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ní Yábà, kò sì sí wáyà ní Àgùdà. Pé mi ò tàn wọ́n jẹ.

Mà ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

“Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn, wọ́n ti fún ẹlòmíì ní ìjókòó yẹn.”