Òwúrọ̀ Tí Ìbọn Kò Dún ní Omifunfun

Òórùn ẹ̀tù ìbọn kì í tètè kúrò nímú ẹni. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣá odidi páálí ìṣáná lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá tí ẹyin ti bàjẹ́ sí. Abà bàbá ọkọ mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà, ní Omifunfun, nínú oko tó wà lẹ́yìn Odigbo. Ọ̀sán ti rọ̀ nígbà náà. Èéfín funfun bò wá lójú, ó sì rọra gba àárín igi kòkó lọ bí ẹni tí kò kánjú. Bàbá yin ìbọn sí kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kí n lè mọ bí ó ṣe ń dún. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù." Mo sì jù ú nù lóòótọ́. Kẹ́tùlù omi ni, gbogbo omi inú rẹ̀ dà sí wa lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ mí, ọmọ etí títì ni mí. Ore ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, fèrè tírélà ni mo sì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Igbó kò yé mi rárá. Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ ni pé túùkú, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ti fẹ́ hú oko ẹ̀gẹ́ wa tán. Màmá, ìyá ọkọ mi, ló máa ń bá Bàbá lọ ṣọ́ oko, ṣùgbọ́n wọ́n wà ní ilé àdúrà ní Odigbo nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ọkọ mi sì wà lójú ọ̀nà Benin pẹ̀lú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Bàbá kò lè dá ìbọn wọn kì. Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tí mo gun ọ̀kadà.

Jẹ́ kí n sọ ti ìbọn náà fún ọ. Ìbọn ṣakabùlà gígùn ni tẹ́lẹ̀, irú èyí tí gbogbo ọdẹ ibẹ̀ máa ń gbé kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n Bàbá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ kí n tó wọ ilé wọn, apá òsì wọn kò sì ṣe é gbé sókè mọ́. Ọdẹ tí kò bá lè fi ọwọ́ kejì gbé ẹnu ìbọn ró, ọdẹ rẹ̀ ti tán, àbí? Bàbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kan ní Odigbo, ó gé ẹnu ìbọn náà kù, ó gbẹ́ ìdí tuntun fún un láti ara igi ìrókò, ìbọn ṣakabùlà sì di ìbọn ìléwọ́ tí kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé ọmọ ìka mi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ìbọn aràrá. Bàbá kàn máa ń dáhùn pé, "Ẹni tó bá gbé ìbọn kúkúrú, ó di dandan kó sún mọ́ ẹran." Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi nígbà náà.

Èyí tí Màmá ti kì sílẹ̀ ni wọ́n yìn lọ́sàn-án; ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n wá kọ́ mi bí a ṣe ń kì í. Mo fi orúnkún méjèèjì há ìdí ìbọn náà, ẹnu rẹ̀ dojú kọ sánmà. Bàbá kọ́kọ́ ṣí fìlà, wọ́n gbàdúrà ṣókí lé e lórí, "Olúwa, má jẹ́ kí á ṣì í yìn," kí wọ́n tó da ẹ̀tù dúdú sínú rẹ̀ láti inú àdó kékeré. Wọ́n fi ìhá ẹyìn dí i, wọ́n fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kì í wọlé títí ọ̀pá náà fi ń ta padà. Ọta tẹ̀ lé e, ìhá tún tẹ̀ lé ọta. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ohun kékeré kan bíi fìlà, tí wọ́n fi bàbà ṣe, èyí tí òòlù ẹ̀yìn ìbọn yóò gbá kí iná tó wọlé bá ẹ̀tù. Ìyìn kan ṣoṣo ni gbogbo làálàá yẹn. Tí o bá tàsé, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹran bá gbà fún ọ.

A jẹ púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, a sì sùn. Nígbà tí àkùkọ abà kejì kọ, a lọ jókòó sínú àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tó wà létí oko, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti pàdé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìkùukùu bo gbogbo ilẹ̀, funfun bíi wàrà. Ìrì ń kán láti ara ewé sí ara ewé. Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí a gbọ́ tí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣẹ́. Òmíràn tún ṣẹ́. Bàbá fọwọ́ kàn mí lórúnkún. "Túùkú dé," ni wọ́n wí, wọ́n fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀tún wọn.

Ohun tó jáde kì í ṣe túùkú. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ìkùukùu ló ṣú jọ síbì kan. Ìkùukùu náà sì mí. Ó yọ etí kan, ó yọ èkejì, ó yọ iwájú orí tó ga ju òrùlé abà wa lọ. Erin ni. Amọ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára, awọ ara rẹ̀ hun jọ bí aṣọ tí wọn kò lọ̀ rí. Ó fi ọwọ́jà rẹ̀ di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ jẹ́jẹ́. Igi ń ṣẹ́, ewé ń ya, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù títí dòní nìyẹn. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń rìn, ilẹ̀ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn kan wá ń jáde nínú rẹ̀, tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ, àyà mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti yọ jáde lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó ń ju ọwọ́jà kékeré rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó sì ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa. Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè. Ó na etí méjèèjì gbalaja, ó kọjú sí àtíbàbà wa, ó sì dúró.

Bàbá kò lè sá, èmi náà kò lè sá. Ọta túùkú tó wà nínú ìbọn yẹn, bí ẹni ju yangan lu ògiri ni yóò rí lára rẹ̀, ìbínú nìkan ni yóò fi kún un. Ìbọn náà sì ti wà ní fífà, ìka Bàbá wà níbi tí wọ́n á fi yìn ín, ọwọ́ ọ̀tún wọn tí wọ́n ti nà tipẹ́ sì ti ń ro wọ́n. Òòlù yẹn kò ṣe é dá sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ méjì ló ń gbà, Bàbá kò sì ní ju ọ̀kan lọ.

"Ìyàwó," wọ́n sọ ọ́ bí èémí lásán. "Di òòlù mú. Má jẹ́ kó yọ̀."

Mo fi àtàǹpàkò mi lé e. Irin náà tutù, ìrì ti mú kó máa yọ̀. Bàbá rọra fa ìfà ìbọn, gbogbo agbára òòlù náà sì bọ́ sórí ìka mi lójijì. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ẹní, ojú mi sì wà lójú erin. Ojú rẹ̀ kéré, ó pọ́n díẹ̀, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn. Òòlù jókòó. Kò dún. Mo gba ìdí ìbọn dání, Bàbá sì fi èékánná yọ fìlà bàbà náà kúrò.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá sọ̀rọ̀. Ìkálẹ̀ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí nìyí, wọ́n sì fi ohùn tí a fi ń kí àgbà lẹ́nu ọ̀nà sọ ọ́: "Ẹ kú àárọ̀ o. A kò ní ohunkóhun fi yín ṣe. Ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ."

N kò ní sọ fún ọ pé ó gbọ́ èdè. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ó na ọwọ́jà rẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ó fa atẹ́gùn ara wa símú, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́jà kan náà kó ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó yí padà, igbó sì pa dé lẹ́yìn wọn bí aṣọ ojú ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kí ẹyẹ tó ké. Bàbá ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi!" A wá ń rẹ́rìn-ín, a ń sunkún, n kò mọ èyí tó ṣáájú. Nígbà tí ara wọn rọlẹ̀, wọ́n ní, "Mo ti ń dẹ igbó yìí kí n tó bí ọkọ rẹ. Ipasẹ̀ wọn ni mo máa ń rí. N kò fojú kàn wọ́n rí."

Ìbọn ṣì kún. Ẹ̀tù tó bá ti wọnú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ẹnu ìbọn náà ló rọrùn jù fún un láti gbà jáde. Síbẹ̀ Bàbá kọ̀ láti yìn ín níbẹ̀. A dúró títí oòrùn fi ga, a sì rìn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ní ọ̀nà tó jìnnà sí ibi tí erin gbà. Wọ́n ní kò yẹ kí abiyamọ máa gbọ́ ìbọn lẹ́yìn ara rẹ̀. Wọ́n dá fìlà bàbà náà padà sí i, èmi ni wọ́n sì gbé e fún. Mo yìn ín sí bèbè odò, ó ta mí lọ́wọ́ dé èjìká, amọ̀ fò, odò sì gba ìró náà lọ.

Ẹ̀gẹ́ ọdún yẹn kò tó nǹkan. Bàbá pa túùkú kan lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n apá ibi tí erin ti yọ, wọ́n fi í sílẹ̀ kí igbó gbà á padà. Bí àwọn ará ìjọ bá ń yìn wọ́n pé wọ́n dá ẹ̀mí erin sí, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ta ló dá ta sí?" Ní Ore, ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi gbà pé ìkùukùu ló tàn mí jẹ. N kì í bá wọn jiyàn. Àmọ́ tí tírélà bá ń ké lójú títì, tí gbogbo ènìyàn ń sáré, tí ọkàn mi náà fẹ́ máa sáré, mo máa ń rántí pé nǹkan kan wà nínú igbó tó ga ju òrùlé lọ, tí ń rìn láìdún, tó wò mí lójú rí, tó sì jẹ́ kí n máa lọ. Kí ènìyàn mọ̀ pé òun kéré, kí ẹ̀rù má sì bà á mọ́ nítorí rẹ̀: ohun tí mo gbé bọ̀ láti Omifunfun nìyẹn.