Ọjọ́ tí mo fi agídí ní kí Ṣadé ṣí fáìlì

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo jókòó ti Ṣadé, ọmọ mi, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn ní Mafoluku. Í-meèlì kan wọlé pẹ̀lú orúkọ pásítọ̀ wa, fáìlì sì wà nínú rẹ̀.

Ṣadé ní, "Màámi, àdírẹ́sì yìí kì í ṣe tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ná."

Mo ní, "Ṣé pásítọ̀ lo fẹ́ máa wádìí bí olè? Ṣí i jàre."

Torí pé èmi ni ìyá, ó ṣí i. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Gbogbo àwòrán bàbá rẹ̀ tó ti kú, tí a kò ní níbòmíràn, lọ pátá. Nígbà tó wá pe pásítọ̀, wọ́n ní àwọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ṣadé ò bá mi wí rárá. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, torí ọmọ mi ti rí ewu náà, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.