Àpò Ìrẹsì Tí A Fún Màmá Lẹ́ẹ̀mẹta

Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan nítòsí ọjà Ìkàrẹ́, tí òórùn pánlá sì bá mi gùn ún. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ. Òkè rẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí ọkùnrin kan gbà láti fi kọ́ àwa olórin kéékèèké bí a ṣe ń polówó orin. Ó ti fọ́n lọ́fínńdà káàkiri kí òórùn ẹja má baà wọlé, ṣùgbọ́n ńṣe ni méjèèjì dàpọ̀, tí wọ́n di nǹkan kẹta tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé mi kí n tó jókòó. Ìwà mi ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi nǹkan yé mi, mo máa ń kọ ìgbà tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Nítorí ìyẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń pè mí ní Adájọ́.

Mẹ́rin ni wá nínú ẹgbẹ́ orin wa. Ọ̀kan ń kọrin, òun náà ni olórí. Ọ̀kan ń ta gìtá. Ọ̀kan ń lu dúrọ́ọ̀mù. Èmi ń tẹ dùùrù, mo sì ń bójú tó ojú-ewé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì ní Àkùngbá la ti pàdé. Nígbà tí a jáde, tí iṣẹ́ kò yá, orin kò fi wá sílẹ̀. A kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wa. Àwa la ń gba orin wa sílẹ̀, àwa la ń gbé e síta, àwọn ẹbí wa ló ń gbọ́ ọ.

Olùdámọ̀ràn náà wọ bàtà funfun, ó sì ń fi áńkáṣíìfù nù ún ní gbogbo ìgbà bí ẹni tí ilẹ̀ Ìkàrẹ́ ń bá ṣọ̀tá. Mo gbọ́dọ̀ ṣòótọ́ sí i: ọ̀pọ̀ nínú ohun tó kọ́ wa ló tọ̀nà. Ó ní ká mọ irú ẹni tó ń gbọ́ wa kí a tó máa wá ẹni tuntun. Ó ní ká gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá dúró gbọ́ wa títí tí a fi parí, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń kọjá lọ. Ó ní ká gbé orin kan ṣoṣo síta dáadáa, ká sì sinmi lórí rẹ̀. N kò rí àbùkù kankan nínú ìwọ̀nyí. Mo ṣì ń lò wọ́n dòní. Bí ìwọ náà bá ń kọrin láìsí ọ̀gá lẹ́yìn rẹ, lò wọ́n. Ohun tó wá ń kó mi nírìíra nìyẹn gan-an, pé inú oúnjẹ dáadáa ló ti bu ìyókù sí i fún wa.

Lẹ́yìn tí ó ti rí i pé a ti gbà á gbọ́, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó ń ra orin mọ́. Àánú ni wọ́n ń rà. Ẹ wá òtòṣì kan, ẹ ta á lọ́rẹ lójú kámẹ́rà, ẹ fi orin yín sí abẹ́ rẹ̀."

Mo nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, ta ni ẹ ti fi èyí ràn lọ́wọ́ rí?"

"Wọ́n pọ̀."

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan."

"Àdéhùn wà láàárín èmi àti wọn."

Olórin wa fi ìgúnpá gún mi. "Adájọ́, kóòtù kì í jókòó ní Sátidé. Jọ̀ọ́, má bá wa lé oore lọ." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì pa ìwé mi dé.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, olórin wa ti mọ ẹni tó fẹ́. "Màmá l'Ọ̀kà ńkọ́?"

"Màmá wo?" ni onígìtá bèèrè. "Èyí tó ń bọ́ wa?"

"Ojú wọn á dára nínú fídíò."

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́ fún ọ. Opó ni wọ́n, ilé wọn wà lẹ́bàá òkè l'Ọ̀kà, wọn kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi yá wa ní yàrá ẹ̀yìnkùlé tí ọkọ wọn ń kó kòkó gbígbẹ sí nígbà ayé rẹ̀. Òórùn kòkó kò tíì kúrò lára ògiri náà. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti ń dún kíkankíkan, eruku á máa já bọ́ láti òkè àjà, a ó sì gbé òórùn náà lára aṣọ gba Àkùngbá kọjá padà sí Ìkàrẹ́. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ká dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà máa ń wà lórí ìṣó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á mú un, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ṣe tán, Màmá á pè wá: "Ẹ̀yin aláriwo mi, ẹ wá jẹun." Iyán ni, tàbí iṣu sísè àti epo. Wọ́n ní oko kòkó, ọmọ wọn obìnrin jẹ́ tíṣà n'Ìkàrẹ́. Bí a bá fẹ́ ka òtòṣì láàárín gbogbo ẹni tó ń wọ ilé náà, àwa mẹ́rin ni.

Olórin wa ló lọ bá Màmá sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ohun tó sọ fún wọn, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá fúnra wọn, ni pé a fẹ́ wá dúpẹ́, a ó sì ya fídíò ìdúpẹ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí a dé l'Ọ́jọ́rú, Màmá ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá àti ìró aláwọ̀ àyìnrín, gèlè wọn dúró ṣánṣán, wọ́n sì ti to àga sí iwájú ilé. Iṣu wà lórí iná. Olùdámọ̀ràn náà gbé àpò ìrẹsì kan wá nínú mọ́tò rẹ̀, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ àwòrán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn. Ó béèrè omi. Màmá gbé e wá nínú ife onídíńgí, lórí àwo pẹrẹsẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Ó mu ẹnu kan, ó da ìyókù sórí áńkáṣíìfù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi nu eruku bàtà rẹ̀. Mo rí i. Màmá náà rí i. Wọ́n gba ife náà padà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e wọlé.

"Màmá, ẹ bá wa tú gèlè yẹn," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣé ẹ ò ní aṣọ kan tó ti gbó?"

"Mo ní. Oko ni mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ."

"Òun gan-an la fẹ́. Ẹ wá jókòó sílẹ̀ níbi ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìdúpẹ́ nísìnyí?"

"Kámẹ́rà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Kámẹ́rà yín yìí, ṣé kò ní ìyá ni?"

Onílù bú sẹ́rìn-ín. Olórin wa ò rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. "Màmá mi, ẹ ṣe é nítorí tèmi." Màmá wọlé, wọ́n sì jáde pẹ̀lú aṣọ oko.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé àpò náà lé wọn lọ́wọ́, Màmá gbàdúrà. Wọ́n mú wa lọ́kọ̀ọ̀kan: onígìtá tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, èmi tí mo ń wá iṣẹ́, ìyàwó tí onílù fẹ́ fẹ́. Gbogbo wa ń ṣe àmín, àmín náà sì ti inú mi wá. Olùdámọ̀ràn ní kò dára tó, àpò ti bo ojú olórin. A gba àpò náà lọ́wọ́ Màmá, a padà sẹ́yìn, a tún gbé e wá. Ní ìgbà kejì, àdúrà náà kúrú, ojú wọn sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì bí ẹni tó ń wá ibi tí òun ti ṣì ọ̀nà. Ó ní afẹ́fẹ́ ti ba ohùn jẹ́. A tún gba àpò. Ní ìgbà kẹta, Màmá kò gbàdúrà rárá. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé ẹnu àpò náà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Màmá, ẹ sunkún díẹ̀."

"Ta ló kú?" ni Màmá bi í.

Ọkùnrin náà pa kámẹ́rà rẹ̀, ó ní kí a gbé àpò padà sínú mọ́tò, pé ilé méjì ṣì kù tí a máa fi í ya, pé ti Màmá ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi àti onílù la gbé e. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀: onílù di orí rẹ̀ mú, èmi di ìdí rẹ̀. Oòrùn ti yọ́ gọ́ọ̀mù àwòrán wa, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó nígbà tí mo délé, ọwọ́ mi kò yé é rí mi lára. "Ẹ ò ní jẹ iṣu?" ni Màmá bèèrè lẹ́yìn wa. Ọkùnrin náà ní a ń kánjú. Nígbà tí a kúrò ní ilé kẹta, àpò náà ṣì wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó fi fídíò náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a máa kọ sí i: pé a ṣàdédé pàdé ìyá arúgbó kan tí ebi fẹ́ẹ̀ lù pa. Ó ti yọ ohùn Màmá kúrò. Ẹnu wọn ń mì nínú àdúrà àkọ́kọ́ yẹn, orin wa ló ń jáde níbẹ̀. Mo sọ fún olórin wa pé irọ́ ni. Ó ní, "Adájọ́, ìpolówó ni." Èmi ni mo gbé e sórí ojú-ewé wa. Àmì ohùn kan tí ọkùnrin náà ṣì fi sórí ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ nìkan ni mo tún ṣe.

Àwọn ènìyàn wò ó lóòótọ́, wọ́n pọ̀ ju gbogbo ẹni tó ti wò wá rí lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yin olórin wa, wọ́n bú ìjọba, wọ́n bú àwọn ọmọ Màmá tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹnì kan péré ló béèrè orúkọ orin náà. Àbúrò onílù ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ Màmá tó jẹ́ tíṣà pe olórin wa. Gbogbo wa wà níbẹ̀, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. "Ta ló sọ fún yín pé ebi ń pa ìyá mi? Iyán ta lẹ ti ń jẹ láti ọdún méjì?" Ó gé fóònù náà. Olórin wa pe olùdámọ̀ràn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó ti bínú? Ẹ yára, ẹ ya fídíò ẹ̀bẹ̀. Ìbínú yẹn, ọjà ni." Mo dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ tó ti jẹ tán. Mo ṣí ojú-ewé wa, mo pa fídíò náà rẹ́ lójú gbogbo wọn. Olórin wa kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi máa pa á rẹ́, àwọn ẹlòmíràn ti gbé e lọ sí ojú-ewé tiwọn.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Mo máa ń gbà pé ẹni tó bá ń wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ́, ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí Màmá jókòó sílẹ̀, kí ni mo ń wọ̀n? Ẹ̀rí wo ni mo ń dúró dè? Mo ti rí omi tó fi fọ bàtà. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí orin wa má lọ kú sínú yàrá kòkó, mo sì pe ẹ̀rù náà ní ìfarabalẹ̀. Ọkùnrin yẹn rí mi lára títí dòní, ṣùgbọ́n òun kò jẹ iyán Màmá rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi nìkan lọ sí Ọ̀kà. Mo ti kọ́kọ́ rò pé kí n gbé ìrẹsì dání. Èrò náà lásán kó mi nírìíra. Búrẹ́dì ni mo rà, mo fi pamọ́ sínú báàgì mi títí tó fi tẹ̀. Màmá wà ní ilé ìdáná. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n bu iṣu àti epo fún mi, wọ́n jókòó sí iwájú mi.

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí.

"Jẹ ẹ́ tán. Èmi kì í gbà á padà."

Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tọrọ àforíjì, Màmá mi orí; n kò mọ̀ bóyá pé wọ́n gbọ́ ọ ni tàbí pé wọ́n ti gbà á. Nígbà náà ni mo yọ búrẹ́dì náà. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "O ṣé," ni wọ́n wí. Àmín ti wà ní ẹnu mi, mo ń dúró de àdúrà. Wọ́n gbé búrẹ́dì náà wọlé.

N kò lè sọ fún ọ pé Màmá ti dárí jì wá, n kò sì lè sọ pé wọn kò dárí jì wá. Ohun tí mo fi ojú mi rí bí mo ṣe ń jáde ni pé ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣì wà níbi tó wà. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lórí rẹ̀, yàrá ẹ̀yìnkùlé sì wà ní títì.