Ìkíni Tí Mo Gbà Lẹ́nu Wọn

Bí òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ bá ti kàn mí nímú, tó wá dà pọ̀ mọ́ ti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ọ̀nà Ṣẹkọnà ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, sí pápá bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́. Òpó góòlù kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, òun náà sì ti wọ́. Àwọn obìnrin máa ń sá láfún sórí àpáta tó wà létí pápá náà, àwọn tó ń lọ sóko ní Alájùẹ a sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá ní kùtùkùtù. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìlú Ẹdẹ yìí, yàtọ̀ sí àwọn tí mo ṣẹ̀. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún, nítorí pé o mọ bí ẹnu mi ṣe rí.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ nígbà náà, mò ń wá iṣẹ́, n kò rí. Ni wọ́n bá mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ará Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ omi nítòsí ìlú. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbélé. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a dáná, tí yóò sì máa ṣe ògbufọ̀ fún un. Mo rò pé ìyàwó ilé lásán ni, àfi ìgbà tó di ọjọ́ kẹta tó tú àpò gígùn kan sílẹ̀ níwájú mi tí ọ̀pá irin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Gọ́ọ̀fù, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò, ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́lá o, ohun tó fi ń jẹun ni. Láti kékeré ló ti ń gbá a, ó ti gbá a káàkiri ilẹ̀ òyìnbó, ó ti gba ife ẹ̀yẹ méjì, kí ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kó tó san, káàdì tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ń wọ ìdíje ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdíje ìdánwò kan ń bọ̀ lọ́dún náà, ibẹ̀ nìkan ló ti lè gba káàdì rẹ̀ padà. Ọjọ́ orí ti ń lọ. Bí ti ọdún yẹn bá fò ó, ó parí nìyẹn.

Ó ń kọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí mo ń pè é ní “wọ́n”, ó ní ta ni èkejì. Mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó juni lọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹnì kan ṣoṣo ni mí.” Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní “ó” fún ọ báyìí, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́.

Àràárọ̀ la máa ń lọ sí pápá náà. Òun á máa gbá, èmi á máa ṣa bọ́ọ̀lù. Eré wo ni ẹni tó gbá díẹ̀ ti ń borí ẹni tó gbá púpọ̀? Ó kọ́ mi títí, kò yé mi tán. Àwọn ará oko ní tiwọn sọ bọ́ọ̀lù náà ní ẹyin, wọ́n sì ń pe Màdáàmù ní ọlọ́pàá tí kì í mú èèyàn, nítorí àwọn ọ̀pá rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọjá tí kì í kí i. “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ là ń kí bẹ́ẹ̀. A kì í kí ọ̀lẹ kú iṣẹ́.” Inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ó sì ń dá wọn lóhùn pé, “Òo, ẹ ṣé o.”

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé àwa kì í wo ọwọ́ ẹni ká tó kí i. Ó gbé ọ̀pá sókè lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan láti Alájùẹ sì ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, òyìnbó!” Ọ̀pá yẹ̀, bọ́ọ̀lù sì lọ bọ́ sáàárín láfún. A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́yìn, ó ní, “Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí mo bá ti gbé ọ̀pá sókè, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀lù bá ti lọ, kí wọ́n kí mi.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta fún ẹni tó ru ẹrù? Àti pé, kí n má purọ́, ipò ògbufọ̀ ti ń gùn mí. Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo dúró lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní, “Màdáàmù ní kí ẹ má kí àwọn mọ́. Ẹ̀ ń dí àwọn lọ́wọ́.”

Ìyá àgbà náà wò mí. “Ká má kí i? Ká kàn kọjá bí ewúrẹ́?”

“Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn, mà.”

“Ó dáa. Ẹni tí ò fẹ́ ká kí òun, Ọlọ́run á máa kí i.”

Ọ̀rọ̀ náà dé Ṣẹkọnà kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ náà, pápá pa rọ́rọ́. Bọ́ọ̀lù ń lọ tààrà, mo sì ń yangàn pé èmi ni mo tún nǹkan ṣe. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo tó rí i pé bí Màdáàmù bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, á kọjú sí ọ̀nà, á dúró. Wọ́n á sì dorí kodò, wọ́n á kọjá. Ó tiẹ̀ fúnra rẹ̀ kí bàbá kan tó gbé ọkọ́ lé èjìká. Bàbá náà juwọ́ sí i, ó sì yára lọ, kó má baà dí i lọ́wọ́. Nílé, nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, á wá jẹun lórí ìdúró lọ́dọ̀ mi nílé ìdáná. Ó ní, “Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?” Mo ní rárá. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kò lọ sí pápá mọ́. Mo bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń fi okùn di àpò gígùn náà. Ó ní wọ́n ti pa ìforúkọsílẹ̀ ìdíje ìdánwò dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun kò forúkọ sílẹ̀, òun ń padà sílé. Mo bi í pé kí ló dé.

“Ọwọ́ ń dùn mí,” ló wí. “Ọkọ mi ní ó tó. Ṣùgbọ́n àwọn ará oko ló là mí lójú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n wá wò mí dáadáa, wọ́n rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ mọ́, wọ́n dákẹ́. Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹ kì í kí ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìrẹsì ń jóná lórí iná, kò sí ẹni tó yí sí i nínú àwa méjèèjì. Ó ní, “Wọ́n kà á sí iṣẹ́?”

“Iṣẹ́ ni, mà.”

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tirẹ̀ tí mo ń ṣa kiri pápá kì í fọ́. Tẹnu mi ló fọ́. N kò sọ pé ẹnu mi nìkan ló pa iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ń dùn ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo bá a mú kúrò lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní kí mọ́tò dúró létí pápá. Òjò ti lé àwọn ará oko sílé, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀, ó gbé ọ̀pá sókè, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá òpó góòlù, ó sì lọ tààrà, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó yíjú sí mi, ó dúró. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan tí mo ti fi ń mú èémí dání lẹ́yìn rẹ̀ ti di ẹnu mi pa. Ó mi orí, ó wọ mọ́tò. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà Alájùẹ. Ó ní, “Ìwọ lo gba ìkíni lẹ́nu wa.”

Mo ti di olùkọ́ báyìí. Ọmọ mi ń gbé lọ́nà jíjìn, géètì àwọn aládùúgbò sì ga. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ ń mọ́ tó sì ń ṣú láìsí ẹni tó kí mi. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Màdáàmù wá yé mi délẹ̀: ìkíni ni ẹ̀rí tí ẹlòmíràn ń jẹ́ pé ohun tí à ń fi ọjọ́ ayé wa ṣe kì í ṣe òfo. Ẹnikẹ́ni tí mo bá rí tọ́wọ́ rẹ̀ dí, ìbáà ṣe ohun tí kò yé mi, mo máa ń dúró kí ọwọ́ náà sinmi, kí n tó kí i. Bí mo bá sì gba ọ̀nà Ṣẹkọnà, mo máa ń yà sí pápá náà, màá dúró síbi tí Màdáàmù ti gbá ti ìkẹyìn, màá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, màá wá sọ ọ́ síta pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Kò sí ẹni tó ń dáhùn.