Ilé Tí Wọn Kì Í Jẹ Àparò

“Gbé e kúrò níwájú mi, Dayọ̀. A kì í jẹ ẹ́ nílé wa.”

Ohun tí bàbá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọbẹ̀ àparò ni mo gbé fún un. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí oúnjẹ gidi ti wọ ẹnu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo rí àparò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Mẹ́síkò ní Riverdale Park, ní Amẹ́ríkà níbi tí a ń gbé, mo ní ẹran oko ni, inú rẹ̀ á dùn. Ó yíjú sí ògiri. Inú bí mi. Mo dé ìkòkò, mo tì í sínú fíríìjì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Fẹlísì Oyèwálé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kétu ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Faransé ti jọba. Ilẹ̀ ọsibítù ló ń fọ̀ ní Cheverly. Tó bá ń ka nǹkan, èdè Faransé ló fi ń kà á. Búrẹ́dì gígùn ló máa ń há sí abíyá bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mùíbì, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní Adelphi, kì í jẹ́ kó sinmi: “Faransé, búrẹ́dì ẹ ti gùn ju apá ẹ lọ.” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ṣẹ́ ìdajì fún un. Kì í sọ̀rọ̀ ilé. Màmá mi ti kú kí n tó gbọ́n.

Mùíbì ló bá mi wẹ òkú. Ó fá irun díẹ̀ lórí rẹ̀, ó gé èékánná rẹ̀, ó dì wọ́n sínú aṣọ funfun. Ó ní bí ara ò bá lè relé, ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ relé, kí wọ́n sin wọ́n sílé bàbá rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí rẹ̀ á kàn máa rìn kiri ni. Ó ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Àìkú, á gbé e dé Kétu. Kí n ṣáà sọ ilé wo.

Ilé wo tún ni, bí kì í bá ṣe ilé Oyèwálé? Nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù bàbá mi. Mo ra káàdì ìpè, mo pè wọ́n. Bàbá Délọ́lá, àgbà ilé náà, ló gbé e. Ó kẹ́dùn pẹ̀lú mi títí. Lẹ́yìn náà ló ní bàbá mi kì í ṣe ọmọ ilé àwọn.

Ó ní láyé àtijọ́, kò sí orúkọ kan tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń jẹ́ ní Kétu. Kálukú ló ní tirẹ̀, oríkì ni wọ́n fi ń mọ ilé. Faransé ló dé tó ní kí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé kan máa jẹ́ orúkọ baálé. Lọ́jọ́ tí Faransé wá ka àwọn ará ilé, ọ̀dọ̀ Oyèwálé ni bàbá bàbá mi wà. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ni. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ wa nìyẹn.

“Bí a bá sin ín sọ́dọ̀ wa, àwọn tirẹ̀ ò ní rí i,” ó ní. “Kí lẹ kì í jẹ nílé yín?”

Kò sí ohun témi kì í jẹ. Ìgbà náà ni mo rántí ìkòkò inú fíríìjì.

“Àparò, bàbá.”

Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní ilé kan ṣoṣo ni kì í jẹ àparò lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n sá fún iṣẹ́ tipátipá Faransé, wọ́n kọjá sápá Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọmọ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Oyèwálé torí ara rẹ̀ ò yá. Wọn ò padà wá mọ́. Igbó ti bo ibi tí ilé wọn wà. Ó ní kí n fi ẹrù náà ránṣẹ́, òun á fọwọ́ ara òun sin ín sábẹ́ igi ìyeyè tó kù níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ki bàbá mi ní oríkì ilé rẹ̀ tó bá ń sin ín. Mo ní kó sọ oríkì náà fún mi, kódà kó jẹ́ ìlà kan.

“Ọmọ mi, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán.”

Mo tún bẹ̀ ẹ́. Káàdì tán, ìpè já.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mùíbì mú aṣọ funfun náà lọ fún Bàbá Délọ́lá. Mo gbé ìkòkò jáde nínú fíríìjì. Ọ̀rá ti dì lójú ọbẹ̀. Mo dà á nù. Mo bu omi gbígbóná sí ìkòkò, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ṣàn án, mo tún fọ̀ ọ́.