Súẹ́tà Nínú Oòrùn Òkukù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí àpótí àtijọ́ kan nílé mi ní Ìkìrun, mo sì bá súẹ́tà tí mo wọ̀ ní kékeré nínú rẹ̀. Òórùn káńfọ̀ àti òwú lù mí nímú, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú yàrá wa ní Inísà ni ìyá mi ti ń hun súẹ́tà fáwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ gbàyè ju bẹ́ẹ̀dì wa lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ìyẹn gan-an ló sì kó bá a: bí ẹ̀gbọ́n bá dàgbà ju súẹ́tà náà lọ, àbúrò á jogún rẹ̀, àbúrò àbúrò á tún gbà á. Oníbàárà kì í padà wá. Àfi kí ìyá mi máa wá ẹlòmíràn ṣáá, bí ewúrẹ́ tó ń yí èèkàn kan náà po.

“Ọ̀rẹ́ mi, fi òwú tí ò nípọn hun ún,” obìnrin ilé kejì gbà á nímọ̀ràn. “Tó bá tètè ya, wọ́n á padà.”

“Ọwọ́ mi ò mọ ìyẹn í ṣe,” ìyá mi fèsì.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n fi ń polówó. Ní gbogbo Sátidé, a ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù, èmi nínú súẹ́tà búlúù lọ́sàn-án gangan, a ó máa ti ilé dé ilé. N ò gbọdọ̀ bọ́ ọ, n ò sì gbọdọ̀ họra. “Rẹ́rìn-ín,” ni ìyá mi máa ń sọ sí mi létí ká tó kanlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, ilé mẹ́fà ti dá wa padà. Lẹ́nu ọ̀nà ìkeje, ojú mi ṣú, mo ṣubú. Nígbà tí mo lajú, orí mi wà lórí itan ìyá mi, omi ń kán lójú mi, wọ́n sì ti bọ́ súẹ́tà náà. Obìnrin onílé tó bu omi wá ló mú un dání, ó ń fà á wò.

“Ta ló hun èyí? Ọmọ mẹ́rin ni mo ní o.”

Ìyá mi ń sunkún. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fi gèlè fẹ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wá téèpù nínú báàgì.

“Ẹ bá mi pè wọ́n, mà, kí n wọn èjìká wọn.”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí i. Nígbà tó darúgbó, mo bi í léèrè ìdí tó fi ń wá téèpù nígbà tí mo wà nílẹ̀.

“Bí mo bá ní kí obìnrin yẹn dúró dè mí, ọkàn rẹ̀ lè yí padà,” ó ní. “Dárí jì mí.”

Ayé ti yí. Ṣinṣín lèmi ń dín tà nílé, fóònù ni mo sì fi ń polówó; n kì í kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà lánàá ti jẹ tirẹ̀ tán, ó ti gbàgbé mi. Lóṣù tó kọjá, níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi, obìnrin kan béèrè ẹni tó dín ṣinṣín tí wọ́n gbé síwájú wa. Omijé ò tíì gbẹ lójú mi tí mo ti ń ka nọ́ńbà mi fún un.