Ọ̀nà Tí A Gbà Dé Ìsọlọ̀

Gààrí ni mò ń yan lọ́jọ́ tí ilé wa tú. Bàbá mi wà lórí òrùlé, ó ń kan páànù tí ìjì ṣí. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa èkùrọ́. Àbúrò mi, Àdùkẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé, ó ń ráhùn pé omi ti lọ sílẹ̀. Ìyá tó bí wa ti kú tipẹ́. Àwa mẹ́rin náà la wà nínú ilé.

Ó ti pẹ́ tí ìlú wa àti ìlú tó múlé tì wá ti ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. A máa ń gbọ́ pé wọ́n jà lóko, àwọn àgbà á sì lọ parí rẹ̀. Ta ló rò pé ó lè di ogun? Lójijì, òòlù Bàbá dákẹ́. Mo gbójú sókè. Ó ti nàró sórí páànù, ó ń wo ìsàlẹ̀ ìlú. Kò dúró gba àkàbà, ó bẹ́ sílẹ̀.

"Abẹ́kẹ́, gbé ìyá mi pọ̀n."

"Bàbá, gààrí wà lórí iná."

"Mo ní kí o gbé e pọ̀n!"

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìbọn. Ìyá àgbà di òpó ilé mú. "Èmi ò lọ o. Bàbá yín wà nínú ilé." Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ, inú yàrá la sin ín sí. Bàbá mi ń tú ìka rẹ̀ kúrò lára òpó, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Mi ò rí i rí kó fọwọ́ líle mú ìyá rẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ, a gba ẹ̀yìnkùlé wọ igbó.

Oko kòkó wa la sá sí. A ò lè dáná, nítorí èéfín á fi wá hàn. A ń fọ́ kòkó, a ń lá omi ara rẹ̀. Nígbà tí ebi le, Àdùkẹ́ fi igi hú kókò, a jẹ ẹ́ ní tútù, ó sì yún wa lọ́fun débi pé a ò lè sọ̀rọ̀. Ìbọn ń dún láti ìlú. Tí ìbọn bá dákẹ́, ewúrẹ́ la máa ń gbọ́, àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò tú wọn. Wọ́n ké títí. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ wọn mọ́.

Bàbá ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá iṣu ṣì kù nínú àká. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ìyá rẹ̀. "Ẹ má kúrò níbí," ló wí, ó sì lọ.

A ò kúrò. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò dé. Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Ìyá àgbà fà á mọ́ra.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tí yóò sùn sígbó nínú ìdílé yìí."

Ó wá sọ fún wa pé apá ọ̀dàn lọ́hùn-ún la ti wá. Ogun ló tú ìlú Àjàlá, bàbá ńlá wa. Ó gbé ọmọ lé ọrùn, ó ń sá lọ, ìyàwó rẹ̀ sì sọnù lọ́nà. Nígbà tó dé etí odò wa, wọ́n bi í pé àwọn wo ni èèyàn rẹ̀. Ó ní ọmọ tó wà lọ́rùn òun yìí nìkan ni. Wọ́n fún un nílẹ̀. Ọmọ ọrùn náà ni Fátókun. Ìyá àgbà ka ìyókù títí ó fi kan orúkọ bàbá mi, ó ní kí á tún un kà. A kà á tẹ̀ lé e. Bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò ní ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ.

Ọdẹ kan láti àdúgbò wa ló bá wa níbẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Wọ́n ti ń wọ inú oko."

Mo ní, "Bàbá mi ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ dìde."

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde.

Ọdẹ yẹn mú wa dé títì. Ọkọ̀ tó ń kó pákó lọ sí Èkó ló gbé wa, orí pákó la jókòó sí, ó sì já wa sílẹ̀ ní Òṣòdì lọ́sàn-án gangan. Mi ò tíì rí èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá àgbà ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ọ̀sán o." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó yíjú sí mi.

"Abẹ́kẹ́, kí la ṣe fún wọn?"

Obìnrin ará ìlú wa kan ń gbé ní Máfolúkù, Ìyá Rẹ̀mí. Ó fún wa ní igun kan nínú yàrá rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú máa ń gba orí ilé náà kọjá, nígbà tí èyí àkọ́kọ́ kọjá, Ìyá àgbà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń pè mí kí n wọlé wá. A ṣàlàyé fún un títí. Kò yéé wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Máfolúkù náà ló kú sí, kò tíì pé ọdún kan tí a débẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù ní a ò lè sin òkú sínú ọgbà òun, ó sì tọ̀nà. Itẹ́ òkú ìjọba la gbé e lọ, sáàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

Mo ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ronú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ́kọ níbẹ̀, mo bímọ níbẹ̀.

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, èmi àti Àdùkẹ́ padà lọ sílé. Ògiri ṣì dúró. Wọ́n ti ṣí gbogbo páànù lọ. Igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú yàrá tí a sin bàbá àgbà sí, ó ti ga ju wa lọ. A bèèrè bàbá wa lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tó padà wálé. Oníkálùkù ń wá ẹni tirẹ̀. A ò rí òkú, a ò rí sàréè. A dúró síbẹ̀ títí. Kò sí ohùn ẹyẹ, kò sí ohùn èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Àdùkẹ́ wí, "ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, Ìsọlọ̀ ni mò ń wí. Nínú ẹbí mi, Àdùkẹ́ nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dúró sí Máfolúkù ní tirẹ̀, tí a bá sì ti pàdé, a máa ń ka orúkọ àwọn bàbá ńlá wa náà, a ó sì jà. Ó máa ń sọ pé ẹnì kan wà láàárín Fátókun àti Ọdẹ́wálé tí mo máa ń kà tẹ̀ lé e, pé Ìyá àgbà dárúkọ rẹ̀ nígbà tí mo lọ wá omi lóko kòkó. Òun náà kò rántí orúkọ ọ̀hún. Mo máa ń sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí irun wa fi funfun.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ọkọ mi ti ṣáájú rẹ̀. Ilé mi ní Òkè-Afá dákẹ́ rọ́rọ́ báyìí, mo lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dọjọ́rọ̀ kí n má gbọ́ ohùn ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, wá. Ó fẹ́ lọ́kọ, àwọn àna rẹ̀ sì fẹ́ mọ orírun wa, títí kan ìhà ọ̀dọ̀ mi.

"Màmá, kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé Ìsọlọ̀ náà ni?"

Mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo èyí tí mo sọ yìí fún un, kò sì gbé fóònù rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. "Àjàlá ló bí Fátókun. Fátókun bí..." Mo dúró.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, Màmá?"

"Rárá. Ẹnì kan wà níbẹ̀. Àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ń wò mí, ó ń retí orúkọ. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ẹni náà, mo sì bọ́ sórí Ọdẹ́wálé.